Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré Kan ní Kúdẹtì

   Ẹ fara balẹ̀, nítorí ìtàn tí mo mú wá lónìí gùn díẹ̀.

Ohun tí ó fa ìtàn náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ní ìpàdé kan ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni, ọ̀gá kan tí ipò rẹ̀ ga ju tèmi lọ dìde, ó sì ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú kíláàsì olúkúlùkù wa sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé. Nígbà tí ó kan kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni nípa àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ó ní méje. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní kíláàsì tí kò ní ju ènìyàn méje lọ ń fi iná mànàmáná àti àga ṣòfò, pé ó yẹ kí a tú u ká, tàbí kí a dà á pọ̀ mọ́ òmíràn. N kò rí èsì gidi fọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ti ń wakọ̀ lọ sílé ni Kúdẹtì sọ sí mi lọ́kàn. Èsì tí n kò rí fọ̀ níbi ìpàdé ni mo fẹ́ fọ̀ níhìn-ín.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn yìí wí. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ní iyì tirẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó ní ìtọ́jú nínú lè ṣe fún ọmọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kì í sábà rí ṣe. Ó lè mọ ọmọ náà ní orúkọ, kí ó mọ ilé tí ó ti wá, kí ó sì dá a padà fún ilé náà pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó ju èyí tí ó gbé wá lọ. Ìtàn Kúdẹtì ni ẹ̀rí mi.

Ẹ bá mi padà sí ọdún 1853. Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí ènìyàn lè rò pé ilé-ẹ̀kọ́ yóò gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlú jagunjagun ni. Lẹ́yìn ogun Òwu, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá kóra jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, wọ́n sì sọ ibùdó ogun di ìlú. Oyè ibẹ̀ kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá lágbára, tí ó ní ọmọ ogun púpọ̀ lẹ́yìn, ni ó ń gòkè. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn lé àwọn ọmọ ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ pé agbára kan ti dìde. Ọmọkùnrin tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, ogun jíjà ni a máa ń fi kọ́ ọ.

Inú ìlú yìí ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wọ̀ ní 1853. Ará Jámánì ni ọkọ, láti agbègbè Württemberg, ìjọ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì rán an níṣẹ́. Ó ti kọ́kọ́ wá wo ìlú náà ní 1851, ó sì rí i pé àyè wà. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Anna. Ọdún 1852 ni wọ́n fẹ́ ara wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Anna nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ kò sì bí ọmọ kankan títí ó fi fi ayé sílẹ̀. Síbẹ̀, Ìyá ni àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn ń pè é.

Ìjòyè kan, Olúńlóyò, ni ó kọ́kọ́ fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ méjì ni: ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Akínyẹlé, àti ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Yéjídé. Ẹ kíyè sí i pé ọmọbìnrin wà nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Títí di òní, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí a fi orúkọ Yéjídé sọ. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni àwọn mìíràn ń dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní méjì méjì. Àwọn kan jẹ́ ọmọ aládùúgbò. Àwọn kan jẹ́ ọmọ tí a kó lẹ́rú, tí Hinderer san owó orí wọn tí ó sì rà wọ́n padà.

Èrò kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ìwé yóò sọ ọmọ di ojo, pé ẹni tí ó bá jókòó ti ìwé kò ní lè dìde lọ ogun mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ka iye ọmọ tí ó wà ní Kúdẹtì ní ọdún wọ̀nyẹn sétígbọ̀ọ́ àwọn ìjòyè Ìbàdàn, tí ọmọ ogun ẹni kan nínú wọn ju ẹgbẹ̀rún lọ, mo lérò pé wọn ì bá rẹ́rìn-ín bí a ti rẹ́rìn-ín níbi ìpàdé wa.

Báwo wá ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe rí? Ilé ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Ní apá gúúsù ìlú, nínú ọgbà kan tí ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì wà, ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, níbẹ̀ ni a ti ń tọ́jú wọn bí ara wọn kò bá yá. Wọ́n ń kọ́ a, b, d. Wọ́n ń kọrin. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ aṣọ rírán. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù lójú èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn láti kàwé. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1843, ó sì ti ń túmọ̀ Bíbélì ní ìwé kan tẹ̀ lé ìwé kan láti 1850. Nítorí náà, ọmọ Kúdẹtì kò ní láti kọ́ èdè àjèjì tán kí ó tó mọ̀ pé ìwé lè bá òun sọ̀rọ̀. Hinderer pẹ̀lú kọ́ èdè náà dé ojú àmì. Òun ni ó túmọ̀ ìwé ìrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ sí Yorùbá, èyí tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀ ti tọ́ka sí òjìji ìwé náà nínú ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀nà èdè díẹ̀, kí n sì tètè padà. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, kọ́. A ń kọ́ ọmọ, a ń kọ́ ilé. Ohùn òkè kan náà ni wọ́n ní, kò sí ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu wa. Bóyá láti orísun kan náà ni wọ́n ti wá tàbí wọ́n kàn pàdé lójú ọ̀nà ni, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti gbọ́ ìbáramu náà kí a tó dé, wọ́n sì fi pa òwe: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ tún wo tọ́, tí a ń lò fún ọmọ títọ́, àti ìtọ́jú. Ní Kúdẹtì, kíkọ́ àti títọ́ kò yàgò fún ara wọn. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé ni ó ń wò ó bóyá ó jẹun yó.

Ní 1858, ìdílé kan dé láti Sàró. Bàbá jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí a ti tà sóko ẹrú rí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown, tí ó sì gba orúkọ Henry Johnson. Hinderer ni ó mú un wá láti ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìjọ. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń jẹ́ Samuel. Abúlé Hastings ní Sàró ni a ti bí i ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù 1846. Nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ó wọ Ìbàdàn. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òkèèrè ni a ti bí ọmọ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ ni. Kúdẹtì ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí ogun fi dé. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó ń ṣe àkóso Ìjàyè, kọ̀, ó ní Àrẹ̀mọ kì í jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù; àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìjàyè tú ní 1862, ṣùgbọ́n ìjà àárín Ìbàdàn àti àwọn Ẹ̀gbá kò parí títí di 1865. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀nà etí òkun dí. Lẹ́tà ń ṣọ̀wọ́n, owó ń ṣọ̀wọ́n, oúnjẹ sì di ohun àwárí. Àwọn Hinderer há sínú ìlú pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìdí wà nígbà náà láti tú ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, ìdí tí ó ju ti iná mànàmáná lọ. Wọn kò tú u ká. Wọ́n kó ohun èlò ilé wọn síta, wọ́n ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi rí owó ẹyọ tí wọn yóò fi ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ní 1865, Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell gba ọ̀nà inú igbó wá yọ wọ́n. Anna, tí àìsàn àti ebi ti jẹ lára púpọ̀, bá a lọ. Ó tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ní 1869 wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Anna kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ tí ó rí irú èyí ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí ni ó kọ́? A kò lè wọ inú ọkàn ẹni tí ó ti lọ. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni a lè wò.

Bí ogun ti ń lọ lọ́wọ́, Samuel Johnson lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ará Jámánì mìíràn, G. F. Bühler, ni ó ń ṣe olórí ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni èyí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Johnson wà níbẹ̀ títí di òpin 1865. Ẹ dúró wò ó: Abẹ́òkúta ń bá Ìbàdàn jagun. Ọmọ tí Ìbàdàn tọ́ jókòó láàrin àwọn tí ń bá Ìbàdàn jà, ó ń bá wọn jẹun, ó ń bá wọn kàwé. Nígbà tí ó wá di àgbà tí ó ń kọ ìtàn ogun náà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí ni a gbé lọ sí Èkó lẹ́yìn náà, tí ó sì di St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ní 1896. Ibẹ̀ ni Fágúnwà náà ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1866 Johnson padà sí Ìbàdàn. Kò wá iṣẹ́ sí Èkó níbi tí owó wà. Ó di olùkọ́ àwọn ọmọdé ní Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ. Ẹni tí a tọ́ padà wá tọ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Daniel Olúbí, ọmọ ilé Hinderer tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ ní 1869, òun ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́, ó sì di àlùfáà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yanjú, ẹ má wo ọjọ́ tí olùdásílẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ kejì tí ó lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rán Johnson níṣẹ́. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, kò ní òpin. Ní 1881, Johnson, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, ni ó gbé ọ̀rọ̀ Aláàfin Adéyẹmí Kìíní lọ bá ìjọba Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn parí ìjà. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ni ó ń lọ tí ń bọ̀ láàrin bùdó méjèèjì pẹ̀lú ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ìlú tí ó ní ìwé yóò sọ ọmọ di ojo ni ó wá gbé ìwé lé ọmọ ìwé lọ́wọ́, tí ó rán an gba àárín ìbọn kọjá.

Níbi gbogbo tí ó ń lọ ni Johnson ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Tìmì Lágunjú ti Ẹdẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ Josiah Oni, oníṣòwò tí ojú rẹ̀ ti rí púpọ̀ nínú àwọn ogun náà. Ó rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sì ń kú lọ. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀. Ìwé náà sọ nù sọ́wọ́ òǹtẹ̀wé. Ní 1901 Johnson kú láìrí i.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù jọ tí ó tún ìwé náà kọ. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ òkun tí ìwé náà wà nínú rẹ̀, Appam, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Ìwé náà bọ́ nínú ìyẹn pẹ̀lú. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ni The History of the Yorubas jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ ìtàn wa lónìí tí kò ní gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, yálà láti gbè é tàbí láti bá a jiyàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ pé ó gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, òótọ́ sì ni wọ́n sọ.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i, ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé orí ọba kankan, ó ti kọ́kọ́ ṣe àlàyé lórí èdè Yorùbá. Ó yà orí kan sọ́tọ̀ fún orúkọ: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì, ó sì fi àpẹẹrẹ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe iye. Mo lérò pé ọmọ tí a ti tọ́ ní ibi tí a ti ń pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀ kò ní kọ́ èyí ní yunifásítì kankan.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìfẹ́ ti fọ́ mi lójú. Kúdẹtì ní àléébù. Àwọn tí wọ́n fi èdè wa kọ́ ọmọ náà ni wọ́n ń kọ́ ọ pé Ifá jẹ́ òkùnkùn àti pé òrìṣà bàbá rẹ̀ jẹ́ òfo. Àwọn òbí kan bá ọmọ wọn jà nítorí rẹ̀, ọ̀ràn náà sì dun tọ̀tún tòsì. A kò sì lè mọ ohun tí ìtàn Johnson ì bá sọ nípa àwọn babaláwo bí ó bá ṣe pé ọwọ́ mìíràn ni ó tọ́ ọ. Ó tún yẹ kí n sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò dá Johnson. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, àwọn arọ́kin wà níbẹ̀. Ohun tí Kúdẹtì ṣe ni pé kò yọ ọ́ kúrò láàrin wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà láàrin ìlú ni, ọmọ ń gbọ́ ìlù ogun láti orí àga rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bí a bá ń fi Johnson nìkan ṣe ẹ̀rí, a ti ń ṣe bí ọ̀gá mi, a ń ka iye, àfi pé ìwé ni à ń kà dípò orí. Àwọn ọmọ tí a rà padà lóko ẹrú ń kọ́? Àwọn tí kò kọ ìwé, tí a kò mọ orúkọ wọn? Ọmọ tí ogun kó, tí ẹnì kan fi ohun èlò ilé rẹ̀ ra oúnjẹ fún, ti jèrè ilé-ẹ̀kọ́ náà tán kí ó tó mọ a, b, d. Bí Johnson kò bá kọ ìlà kan, Kúdẹtì kò ṣòfò.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìpàdé wa, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjèèje lọ síbẹ̀. Mọ́tò kan ṣoṣo gbà wá, àfi pé a há. A dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì St. David's, ariwo ọ̀kadà kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa dáadáa. Mo ń sọ ìtàn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yìí fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Sà, ṣé gbogbo wọn ò wá ju báyìí lọ ni?” Ó fi ọwọ́ yí àwa mẹ́jọ ká. Mo ní ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn méje náà, ọmọbìnrin kan wà tí mo ti kọ́ fún ọdún méjì ní gbọ̀ngàn ńlá tí a ti ń kọ́ ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nínú kíláàsì kékeré yìí ni mo ti ṣàkíyèsí pé kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé Ìkálẹ̀ ni òun ń sọ nílé, pé Yorùbá òun kò “dára”. Mo ní kí ó pe owó ní èdè ilé rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní “oghó”. Mo bẹ gbogbo kíláàsì kí wọ́n tún un pè. Ẹnu wọn kò gbà á. Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé ìró gh yẹn ti pẹ́ ju w tiwa lọ, pé àwọn ẹ̀ka-èdè ìlà-oòrùn gúúsù ni wọ́n tọ́jú ohun tí àwa ará Ọ̀yọ́ ti sọ nù. Yẹ̀yẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń sá tọ̀ ọ́ lọ báyìí pé kí ó bá wọn pe ọ̀rọ̀. Ó ti ń gba ohùn àwọn àgbà ìlú rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, n kò ní mọ̀ ọ́n títí yóò fi gba oyè, yóò sì lọ pẹ̀lú ìtìjú tí ó gbé wá. Èsì mi sí ọ̀gá mi nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì fi ìtàn Kúdẹtì kún un. Ó kọ padà pé òun ti kà á. Kíláàsì náà ń lọ ní sáà yìí. Ti sáà tí ń bọ̀, ó kù sí ọwọ́ ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní abúlé, tí ọmọ tí ó wà níwájú yín kò pé mẹ́wàá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye dójú tì yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ yà sí Kúdẹtì. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ a, b, d, àti ẹni tí ó fi kọ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ kí ó tó sọ nù.